Ọ̀rọ̀ Ẹni Tó Wá Gba Ìmọ̀ràn Kì í Ṣe Ìròyìn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùgbaninímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Muṣin ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín ní bọ́sitọ́ọ̀pù wa ní Ṣómólú. Ojú ìwé tí ẹ ti ń dá àwọn òǹkàwé tó níṣòro lóhùn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Nítorí ojú ìwé yẹn gan-an ni mo ṣe mú bírò.

Láìpẹ́ yìí, ẹ tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Ẹ kò dárúkọ rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àdúgbò rẹ̀, ẹ kọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe àti ibi tó ti ń ṣe é, ẹ kọ iye ọmọ tí wọ́n bí, ẹ sì tún fi kún un pé ìbejì ló gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kò ní mọ̀ ọ́n ládùúgbò? Onílé rẹ̀ á mọ̀ ọ́n, ìyá ọkọ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n, olùkọ́ àwọn ìbejì náà á mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni èsì wá dé, ìlà mélòó kan péré: ẹ ní orí ọkọ rẹ̀ kò pé, kí ó tètè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹni tó kọ èsì yẹn kò rí ọkọ náà rí, kò rí ìyàwó náà rí, kò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí obìnrin yẹn bá kó jáde lóòótọ́ ńkọ́? Bí ọkọ rẹ̀ bá ka ìwé ìròyìn náà kí ó tó kó jáde ńkọ́? Mo rò ó títí, oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ olùgbaninímọ̀ràn ni kó sọ fún ènìyàn ohun tí yóò ṣe. Bóyá ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa ló fà á. Àwọn sista ìjọ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ni a máa ń tọ́ka sí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ yìí ní 1959, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ti rí iṣẹ́ gidi ṣe wá láti bá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe láyé. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Àmọ́ láti ìgbà náà, lójú ọ̀gá ilé ìwé àti òbí, ẹni tí yóò sọ fún ọmọ pé kó ṣe sáyẹ́ǹsì tàbí kó ṣe áàtì ni wá, tàbí ẹni tí wọ́n ń rán ọmọ olórí kunkun sí kí ó lọ gba ìbáwí.

Etí ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ju ẹnu lọ. Carl Rogers, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1902, ló tẹnu mọ́ èyí jù nínú gbogbo àwọn aṣáájú wa. Ní 1957 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gbà á bó ṣe wà, láìdá a lẹ́jọ́. Kí ó gbìyànjú láti fi ojú ẹni náà wo ayé. Kí òun fúnra rẹ̀ má sì díbọ́n. Mo rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Muṣin. Àwọn ọmọ á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fi èékánná họ ọ̀dà ara tábìlì mi. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè tẹ̀léra tẹ̀léra, “kò sí nǹkan, mà” ni wọn óò sọ. Bí mo bá dákẹ́ pẹ̀lú wọn, tí mi ò wo aago, tí mi ò gbé ìwé kankan yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí wọ́n ti dìde tán, tí wọ́n ti di ilẹ̀kùn mú, ni wọn óò wá sọ èyí tó gbé wọn wá gan-an.

Ibi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti nẹ́ẹ̀tì sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún mi ṣe ọ́fíìsì. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi là á kúrò lára ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá àgbà. Ẹni tó bá húkọ́ lọ́hùn-ún, ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi á gbọ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn kíláàsì ni a máa ń lọ, a óò kẹ̀yìn sí pápá kí ẹnikẹ́ni má lè rí ojú ọmọ tó ń sunkún. Mo kọ lẹ́tà béèrè fún yàrá gidi títí mo fi fẹ̀yìntì. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Kò yé wọn pé bí kò bá sí ibi tí ọ̀rọ̀ lè fara pamọ́ sí, kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dun wá nínú ìdílé wa.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń ta léèsì ní Balógun. Ó ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́, ó yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀, ó ní kí n sọ ìyókù. Ìyẹn nìkan ló fún mi lẹ́nu láti sọ ọ́. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, dáńfó tó wọ̀ láti Ọ̀wọ́rọ̀ já bíréèkì lórí afárá Third Mainland, ó sì lọ gbá irin ẹ̀gbẹ́ afárá kí ó tó dúró. Kò sẹ́ni tó kú. Orúnkún lásán ló bó lára òun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gun afárá, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tutù, èémí rẹ̀ kò ní délẹ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ ń gba Ìddó, ó ń gba afárá Carter lọ. Nígbà tó yá, ìyẹn náà kò ṣeé ṣe mọ́, ni ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì.

Àwọn ojúlùmọ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olùgbaninímọ̀ràn. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́ tàbí ibi tó wà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó gbàdúrà fún un, mi ò sì ní nǹkan wí sí àdúrà. Àmọ́ nígbà tí èrò pé jọ, ó fi í ṣe àpẹẹrẹ: arábìnrin kan wà láàárín wa tó ń ta léèsì ní Balógun, ẹ̀rù omi kò jẹ́ kó lè sọdá sí Èkó mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Àwọn tó ti ń kó aṣọ fún un láwìn láti ọdún gbọọrọ ní kó kọ́kọ́ san gbèsè tó wà nílẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Oníbàárà kan bi ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bóyá Yemọja ló ń pe ọ̀gá rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kò ba òwò rẹ̀ jẹ́ tó bí ẹnu ẹni yẹn ṣe bà á jẹ́. Ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó búra pé òun kò ní là ẹnu sọ ti inú òun fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó pẹ́ kí ó tó gbà fún mi pé kí a lọ rí onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kí obìnrin tó gbà wá lálejò tó bi í ní ohunkóhun, ó bẹ̀ mí pé kí n bọ́ síta. Inú mi dùn gidigidi. Ó wá ṣàlàyé fún àbúrò mi ohun tí yóò wà láàárín àwọn méjèèjì, ohun tí òfin lè mú kí òun sọ síta, ibi tí òun ń tọ́jú ìwé pa mọ́ sí, àti pé ìgbàkígbà tó bá wù ú ló lè ní òun kò ṣe mọ́. Ó jẹ́ kó bi òun náà léèrè ìwé ẹ̀rí òun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó lò kì í ṣe tuntun. Joseph Wolpe, dókítà ọmọ South Africa, ti gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ láti 1958: ara tó bá rọ̀ pẹ̀sẹ̀ kò lè máa gbọ̀n fún ìbẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kí a kọ́ ara láti rọ̀, kí a wá máa mú ẹni náà súnmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń mí kanlẹ̀. Ó di ojú, ó fọkàn ya àwòrán afárá náà. Wọ́n lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀wọ́rọ̀, wọ́n ń wò ó lókèèrè. Ó jókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wọkọ̀ láti Ọ̀wọ́rọ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Adékúnlé ní Yábàá, kò lọ jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìyẹn ti mọ́ ọn lára ni wọ́n tó kọjá ibẹ̀, tí wọ́n bá a dé Adéníji, ní òdìkejì afárá. Kò sí èyí tí wọ́n fipá mú un ṣe nínú rẹ̀.

Wọ́n tún fi ọgbọ́n Aaron Beck kún un, dókítà ará Philadelphia tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó kú ní 2021. Láti 1960 síwájú ni Beck ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn èrò kan máa ń sáré kọjá lọ́kàn ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, tí onítọ̀hún á gbà wọ́n gbọ́ láìyẹ̀ wọ́n wò. Ó ní kí a mú wọn síta, kí a bi wọ́n léèrè ẹ̀rí. Àbúrò mi fi ìlà pín ojú ewé ní méjì. Lápá òsì ó kọ ọ́ pé: “Bí mo bá gun afárá, ọkọ̀ á já sínú ọ̀sà.” Apá ọ̀tún wá di iṣẹ́. Ó ronú lórí afárá tí wọ́n ṣí ní 1990, tí òun alára ti ń gbà láti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ lówò. Níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: “Irin ẹ̀gbẹ́ afárá ló dá ọkọ̀ wa dúró.” Jàǹbá tó ń dẹ́rù bà á ló wá di ẹ̀rí rẹ̀. Bí olùgbaninímọ̀ràn bá ti sọ gbólóhùn yẹn fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, etí kejì ni ì bá gbà jáde.

Àbúrò mi ti padà sí Balógun. Bí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá dá wọn dúró láàárín afárá, ó ṣì ń di àga iwájú mú gírí. Ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Ti Freud ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́, dókítà ìlú Vienna tó ń jẹ́ kí aláìsàn dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, kí ó máa sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, kí wọ́n lè wá gbòǹgbò ìṣòro rẹ̀ lọ sí ìgbà èwe. Mi ò ní kí a kó o dànù. Òun ló kọ́ wa pé ohun tí a bò mọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tó kú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ń gba ọdún, ó ń gba owó, kò sì bá àbúrò mi mu, ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ọjà ọdún tó dé. Ẹni tí ìgbà èwe rẹ̀ ń dà láàmú lè rí ìrànwọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tọkọtaya tó ń jà, ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò ń bà: kálukú ló ní èyí tó bá a mu. Èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹ fẹ́ fi ìlà mélòó kan ṣe fún ẹni tí ẹ kò rí?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ àṣírí yìí, àṣà òyìnbó ni, pé lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mi ò gbà. Babaláwo tó bá ń tú àṣírí ẹni tó wá dá Ifá, ta ni yóò tún gbé ẹsẹ̀ sí ilé rẹ̀? Àgbà tí a bá bá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ tó gbé e lọ sí ìta, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Òótọ́ ni pé ẹbí ní agbára láti wo ènìyàn sàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo mọ èyí: láti 1954 ní Arọ́, Abẹ́òkúta, ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè wo ohun tó ṣe náà, wọ́n sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹbí tó jókòó ti aláìsàn yàtọ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkàwé.

Àṣírí náà ní ààlà, n kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín. Ní Berkeley, ní California, ọkùnrin kan sọ fún ẹni tó ń tọ́jú ọkàn rẹ̀ pé òun fẹ́ pa ọmọbìnrin kan. Wọ́n sọ fún ọlọ́pàá yunifásítì, àwọn yẹn mú un, wọ́n tún fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọbìnrin náà tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ní 1969 ó pa á. Tatiana Tarasoff ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ní 1976, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yẹn dájọ́ pé ẹni tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ojúṣe láti dáàbò bo ẹni tí ewu rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Gbogbo wa tó kọ́ iṣẹ́ yìí la kọ́ ẹjọ́ yẹn. Èmi náà, kí ọmọ ilé ìwé tó la ẹnu, mo ti máa ń sọ fún un pé bí ẹnì kan bá ń fi ọwọ́ kàn ọ́ níbi tí kò yẹ, tàbí tí o bá ń ronú láti pa ara rẹ, mi ò ní dá a gbé. Màá wá ẹni tí yóò gbà ọ́, màá sì sọ fún ọ kí n tó sọ fún un. Àwọn kan á dìde lọ lẹ́yìn tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá.

Ẹni tó yẹ kó gbọ́ kó lè gba ẹ̀mí là, òun nìkan ni a ń sọ fún, ìwọ̀nba tó sì nílò ni a ń sọ. Ìyẹn yàtọ̀ gedegbe sí kí a gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ẹ rántí pé abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn ka ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí arúfin, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ti tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò ti 1958 tó jẹ́ pé orúkọ òfin náà gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó yẹ kí èdè inú ìwé ìròyìn wa náà kúrò ní 1958.

Ohun kan tún wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di oníbàárà ọjà tàbí ọmọ ìjọ. Nínú èsì yín kan, ẹ ní kí opó kan wá rí ẹni tó kọ èsì náà “níkọ̀kọ̀”. Bóyá inú rere ló fi sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí lẹ́tà ẹnikẹ́ni tó jáde, ẹ pè é, ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ fún un, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Ẹ yí àdúgbò, iṣẹ́, iye ọmọ àti gbogbo ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ padà. Nọ́ńbà wáàsáàpù tí ẹ ń tẹ̀ sábẹ́ ojú ìwé yẹn, ọwọ́ ta ni fóònù náà máa ń wà lálẹ́? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, kó sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ kọ ohun tí ẹni tó ń dáhùn kọ́ àti ibi tó ti kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ má pe àìsàn mọ́ ẹni tí ẹ kò rí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára yín lọ, ẹ júwe ilé ìwòsàn fún un. Èyí tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Yábàá ti wà níbẹ̀ láti 1907, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn sì wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìdí-Àràbà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi í ṣẹ̀sín, nítorí ẹ̀rù kí wọ́n má rí òun ní Yábàá ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó sílé.

Bí ẹ bá fẹ́, màá wá sí ọ́fíìsì yín láti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó ojú ìwé yẹn, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn lẹ́tà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí tí ẹ kò tíì tẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wọn dúró títí ẹ óò fi bá àwọn tó kọ wọ́n sọ̀rọ̀. Obìnrin ìbejì yẹn náà, ẹ wá a kàn, kí ẹ bi í bóyá ó wà ní àlàáfíà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ṣómólú, Èkó.